Ọ̀nà kan ò wọjà: bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè so ẹ̀ka ìmọ̀ méjì mẹ́ta pọ̀ nínú dìgírì kan

Gbàrà tí JAMB bá ti gbé fọ́ọ̀mù jáde, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn òbí ní Òṣogbo, láti Òkè-Baálẹ̀ títí dé Ayétòrò: "Kọ́ọ̀sì wo lo fẹ́ kà?" Ọmọ á dárúkọ Òfin, tàbí Nọ́ọ̀sì, tàbí Àkáǹtì. Bàbá á ní ó dáa, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Orúkọ kọ́ọ̀sì lásán ni wọ́n fi pinnu ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Lójú tèmi, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ọmọ ni ọ̀ràn tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ohun tó fẹ́ mọ̀ tàbí tó fẹ́ tún ṣe. Tí ìdáhùn bá ti jáde, ẹ ó rí i pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀ka kan ṣoṣo tó lè gbé e délé.

Ẹ jẹ́ ká fi odò Ọ̀ṣun ṣe àpẹẹrẹ, torí kò sí ọmọ Òṣogbo tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí omi náà ti pọ́n, tó dà bí omi amọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń nàka sí àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Igbó Ọ̀ṣun wà lára àwọn ibi tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Tó bá di oṣù Kẹjọ, èrò á ya lọ síbẹ̀, wọ́n á bu omi náà, àwọn míì á sì mu ún. Ọmọ tó bá ní òun fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe omi yìí, tó sì fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kó tún un ṣe, ẹ̀ka wo ni ká ní kó lọ? Oníkẹ́mísírì lè sọ iye òjé (lead) tó wà nínú lítà omi kan, àmọ́ kò lè sọ ẹni tó fún awakùsà láṣẹ. Lọ́yà mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ ló ń fúnni níwèé àṣẹ ìwakùsà lábẹ́ òfin ọdún 2007, bẹ́ẹ̀ ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, ó sì mọ irú ìfanfà tó lè tibẹ̀ yọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé èsì láàbù síwájú rẹ̀, kò lè kà á. Ẹni tó kọ́ nípa ìtàn àti àṣà ló mọ ìdí tí àwọn èèyàn ò fi ní yé bu omi náà bí wọ́n bá tiẹ̀ gbé pátákó ìkìlọ̀ síbẹ̀.

Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun, irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lè jókòó kó ya àwòrán dìgírì tirẹ̀. Láti 1969 ni Brown University ní Amẹ́ríkà ti fàyè gba akẹ́kọ̀ọ́ láti fúnra rẹ̀ to ohun tó fẹ́ kọ́, New York University náà sì dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún irú rẹ̀ ní 1972, òun ni wọ́n ń pè ní Gallatin. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ka ni wọ́n ń gba èèyàn sí. Àjọ NUC, tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ló ń la ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa kọ́ni sílẹ̀. Nínú ìlànà tuntun wọn, CCMAS, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2022, ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti wá láti Àbújá, yunifásítì fúnra rẹ̀ ló ń fi ìpín 30 tó kù kún un. Nítorí náà àyè tí akẹ́kọ̀ọ́ ní kò fẹ̀. Àmọ́ àyè wà, ó sì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ń jáde láì lo ìkankan nínú rẹ̀.

Ìpín 30 yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òun ló fà á tí dìgírì méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ní yunifásítì méjì fi lè má jọra. Ẹ wá handbook ẹ̀ka náà, ìwé tó to gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀, yálà lórí ìkànnì yunifásítì tàbí lọ́wọ́ ọmọ 300 level tó wà níbẹ̀. Ẹ mú bírò, kí ẹ fi àmì sí gbogbo kọ́ọ̀sì tí lẹ́tà mẹ́ta tó ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀ka yẹn. Ẹ ro yúnìtì wọn pọ̀. Iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ohun tó sì máa sọ fún yín ju ohun tí orúkọ dìgírì lè sọ lọ.

Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn dìgírì tí wọ́n ti so méjì pọ̀ láti ilé. OAU ní Computer Science with Economics. Àwọn yunifásítì míì ní History and International Studies, tàbí Linguistics pẹ̀lú Yorùbá. Ẹ má rò pé ìdajì-ìdajì ni. Níbi tí "with" bá ti wọ orúkọ dìgírì, èyí tó ṣáájú ló sábà máa ń ní yúnìtì tó pọ̀ jù, èyí tó tẹ̀ lé e á sì kéré. Ẹ kà á kó dá yín lójú kí ẹ tó sanwó.

Àwọn ẹ̀ka míì wà tó jẹ́ àdàlù láti ìpilẹ̀ tí àwọn òbí kì í kà sí: Jọ́gíráfì, Ètò Ìlú àti Agbègbè, Ìlera Àwùjọ, Ẹkọnọ́míìsì iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ tó ń ka Jọ́gíráfì ń kọ́ nípa òjò àti ilẹ̀, ó ń kọ́ nípa èèyàn àti ọjà, ó sì ń lo kọ̀ǹpútà láti ya máàpù. Tí ẹnìkan bá ní kí n dárúkọ dìgírì kan tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín jù lọ ní ìpínlẹ̀ yìí, Jọ́gíráfì ni mo máa dárúkọ.

Ẹ̀kọ́ olùkọ́ náà wà níbẹ̀. NCE, ọdún mẹ́ta, kókó ẹ̀kọ́ méjì ni wọ́n fi ń kọ́ni pa pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ nípa ìkọ́ni fúnra rẹ̀: Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì pẹ̀lú Kẹ́mísírì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá parí rẹ̀ dáadáa, ní Ìlá-Ọ̀ràngún fún àpẹẹrẹ, lè gba Direct Entry wọ 200 level ní yunifásítì. Ẹni tó parí ND ní Federal Polytechnic Ede tàbí ní Ìrẹ̀ẹ́ náà lè gba ọ̀nà kan náà bí èsì rẹ̀ bá dára tó. Ọ̀nà yìí gùn díẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ibẹ̀ máa ní ìmọ̀ méjì tó ní ìwé ẹ̀rí méjì, èyí tí ẹni tó gba UTME wọ 100 level kò ní.

Ibi tí àyè ti há jù ni àwọn kọ́ọ̀sì tó ní ìgbìmọ̀ iṣẹ́ tirẹ̀: Ìmọ̀ Ìṣègùn, Nọ́ọ̀sì, Ẹnjiníà, Òfin. Ìgbìmọ̀ wọn ń yẹ kọ́ọ̀sì wò, ilé ìwé kò sì lè yọ ohunkóhun kúrò kó fi elective, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ yàn, dípò. Ọmọ tó bá wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìyókù ìmọ̀ tó fẹ́, lẹ́yìn dìgírì tàbí ní ọjọ́ ìsinmi ló máa wá a.

Ó wá kan ìṣirò yúnìtì, ibi tí gbogbo ètò ti ń dúró tàbí wó.

Yúnìtì kan túmọ̀ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 15. Tó bá jẹ́ láàbù, wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń jẹ́ yúnìtì kan. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Kẹ́mísírì fi lè ní yúnìtì kan náà pẹ̀lú ọmọ Ìtàn lórí ìwé, síbẹ̀ tí ọ̀sán rẹ̀ á kún fọ́fọ́. Láàbù Kẹ́mísírì tó ń jẹ́ yúnìtì kan ṣoṣo lè gba gbogbo ọ̀sán Wẹ́sìdé. Elective tó bá bọ́ sí ọ̀sán yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, yúnìtì tí akẹ́kọ̀ọ́ lè forúkọ sílẹ̀ fún kò gbọ́dọ̀ dín ní 15, kò sì gbọ́dọ̀ ju 24 lọ. Tí ẹ̀ka yín bá ti là á kalẹ̀ pé 18 ni dandan, mẹ́fà ló kù. Ẹ má kún un. Kọ́ọ̀sì ìta kan péré, yúnìtì méjì tàbí mẹ́ta, ni kí ẹ mú ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan láti 200 level. Láti 200 dé 400 level, sẹ̀mẹ́sítà mẹ́fà ni. Tí SIWES, ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ṣẹ́ níta, bá gba ọ̀kan, márùn-ún ló kù. Márùn-ún lọ́nà mẹ́ta, 15 nìyẹn. Yúnìtì 15 nínú ẹ̀ka kan ṣoṣo tó wà níta kì í ṣe kékeré; bí ohun tí wọ́n ń pè ní minor ní Amẹ́ríkà ṣe sábà máa ń mọ nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀ka kan ṣoṣo ni mo wí. Ibí yìí ni àwọn ọmọ tó ní ìtara jù ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á mú kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀ Sáìkọ́lọ́jì, ti Ẹkọnọ́míìsì, ti Fílọ́sọ́fì, ti Títa-àti-Rírà, ọ̀kan ọ̀kan. Lópin ọdún kẹrin, ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ní, kò sí èyí tó lè bá wọn yanjú nǹkankan. Ẹ yan ẹ̀ka ìta kan kí ẹ gun un bí àtẹ̀gùn: kọ́ọ̀sì 100 level rẹ̀, kí ẹ tó mú 200, kí ẹ tó dé 300. Kọ́ọ̀sì 300 level kì í sábà gba ẹni tí kò ṣe èyí tó ṣáájú rẹ̀, kódà tí kọ̀ǹpútà bá gbà yín, ọ̀rọ̀ olùkọ́ kò ní yé yín. Ètò tí ẹ fẹ́ lò ní 400 level, 200 level ni ẹ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kọ́ọ̀sì GST (ẹ̀kọ́ gbogboogbò) àti ENT (ẹ̀kọ́ ìdásílẹ̀ òwò) tí gbogbo ayé ń ṣe, yúnìtì 12 ni lápapọ̀ nínú CCMAS: mẹ́fà ni wọ́n, méjì-méjì. GST 212 jẹ́ ti fílọ́sọ́fì àti ìrònú tó mọ́gbọ́n dání, GST 312 jẹ́ ti àlàáfíà àti pípẹ̀tù sí ìjà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà wọ́n mọ́ ẹrù tí wọ́n kàn gbọ́dọ̀ rù. Ẹni tó ń ronú lórí ìwakùsà àti ìlú tó wà létí odò, GST 312 kan án gbọ̀ngbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ CGPA, àròpín èsì gbogbo kọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń pinnu ipò dìgírì, náà wà níbẹ̀, torí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ sá fún kọ́ọ̀sì ìta. Ẹ jẹ́ ká ṣe é. A ní yúnìtì 20 ní sẹ̀mẹ́sítà kan. Nínú 18 tó jẹ́ ti ẹ̀ka, ẹ gba B. B jẹ́ 4 fún yúnìtì kan (A jẹ́ 5, E jẹ́ 1), ìyẹn 72. Elective ìta jẹ́ yúnìtì 2. Tí ẹ bá gba A níbẹ̀, 10 ni, àpapọ̀ 82, ẹ pín in sí 20, ó jẹ́ 4.10. Tí ẹ bá gba E, 2 ni, àpapọ̀ 74, ó jẹ́ 3.70. Tí ẹ bá tilẹ̀ fìdí rẹmi pátápátá, 72 ni, ó jẹ́ 3.60. Ìyàtọ̀ láàárín èyí tó dára jù àti èyí tó burú jù jẹ́ ìdajì póìǹtì ní sẹ̀mẹ́sítà kan, tí sẹ̀mẹ́sítà mẹ́jọ á sì tún pín láàárín ara wọn. Nítorí náà kọ́ọ̀sì ìta kan kò lè ba dìgírì yín jẹ́. Ẹni tó yẹ kó ṣọ́ra ni ẹni tó wà létí ààlà: 4.50 ni First Class ti bẹ̀rẹ̀, 3.50 ni Second Class Upper, 2.40 ni Lower. Tí ẹ bá wà ní 3.52 ní 400 level, ẹ má mú kọ́ọ̀sì tí ẹ kò mọ olùkọ́ rẹ̀. Ẹ lọ bá olùkọ́ náà, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ máa jókòó gbọ́ láì forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa gbà, inú wọn á tiẹ̀ dùn.

Carry-over ló ń pa ètò báyìí ju CGPA lọ. Kọ́ọ̀sì 100 level tí ẹ kò yege, ẹ ó tún un ṣe ní 200 level, á jẹ nínú 24 yẹn, á sì tún bá kọ́ọ̀sì tuntun kọlu ara wọn lórí tímù-tébù. Ẹni tó ní carry-over méjì kò ní àyè fún elective mọ́. Ẹ ya ọdún kìíní sọ́tọ̀ fún kọ́ọ̀sì ẹ̀ka yín àti fún yíyege nínú gbogbo rẹ̀.

Fún àwọn tó fẹ́ dúró nítòsí ilé, ọ̀rọ̀ kan wà nípa UNIOSUN tí kò sí nínú ìwé ìpolówó kankan. Ọgbà mẹ́fà ni yunifásítì náà ní, tí wọ́n sì pín fákọ́tì sí: sáyẹ́ǹsì, ẹnjiníà àti ìlera wà ní Òṣogbo níbí, Òfin wà ní Ifẹ́tẹ̀dó, ẹ̀kọ́ nípa èdè àti àṣà wà ní Ìkirè, iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Èjìgbò, ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ìmọ̀ àwùjọ àti ìṣàkóso ní Òkukù. Ó dára fún àwọn ìlú yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ Kẹ́mísírì tó wà ní Òkè-Baálẹ̀ kò lè sáré lọ gbọ́ kọ́ọ̀sì Ìtàn ní Ìkirè láàárín láàbù méjì. Ẹni tó bá mú UNIOSUN gbọ́dọ̀ wá ẹ̀ka ìta rẹ̀ láàárín ọgbà tó wà: Kẹ́mísírì pẹ̀lú Ìlera Àwùjọ, Jíọ́lọ́jì pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Kí ẹ tó yàn, ẹ béèrè ẹ̀ka tó wà nínú ọgbà náà lọ́dún yìí. Fountain University tí NASFAT dá sílẹ̀ wà lójú kan ní Òkè-Ọ̀ṣun. Ó kéré, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ èèyàn á rí HOD (olórí) ẹ̀ka kejì bá sọ̀rọ̀ láì wọ mọ́tò. OAU ní Ifẹ̀ kó fákọ́tì púpọ̀ sójú kan, ó sì ní ètò special electives tó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ mú kọ́ọ̀sì láti òde fákọ́tì tirẹ̀. Fún ẹni tí àdàpọ̀ ìmọ̀ jẹ lógún ní tòótọ́, tó sì lè wọlé, Ifẹ̀ ni mo máa ní kó kọ́kọ́ mú.

Ẹ jẹ́ ká padà sí odò wa, ká wo bí a ṣe ń yan ẹ̀ka tó máa jẹ́ ìpìlẹ̀. Ìlànà mi ni pé kí ẹ fi ohun tí ẹ kò lè dá kọ́ nílé ṣe ìpìlẹ̀. Èèyàn lè ka ìwé ìtàn ní ilé. Èèyàn lè ka òfin ìwakùsà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí fóònù. Kò sí ẹni tó lè dá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ wọn òjé nínú omi nínú yàrá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dúró ní kóòtù láì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òfin. Nítorí náà, tí ìdajì ọ̀ràn náà bá nílò láàbù tàbí láìsẹ́ǹsì, ibẹ̀ ni kí ìpìlẹ̀ wà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lórí ohun tó wà nínú omi, kó mú Kẹ́mísírì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lórí ẹni tó jẹ̀bi, kó mú Òfin, kó ṣe òfin ilẹ̀ dáadáa, kó mú òfin àyíká gẹ́gẹ́ bí elective, kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka tábìlì èsì láàbù. Ẹni tó mú Ìtàn tàbí Yorùbá ní Ìkirè wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn, níbi tí ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti orílẹ̀-èdè wà nínú ọgbà UI. Púpọ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ nípa ilẹ̀ wa láyé àwọn òyìnbó kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹnu ọ̀nà JAMB ni ọ̀pọ̀ ètò tó dára ti ń kú. Ẹkọnọ́míìsì kò gba ẹni tí kò ní Ìṣirò, ní WAEC àti ní UTME. Kọ̀ǹpútà ń fẹ́ Ìṣirò àti Físíìsì. Òfin ń fẹ́ Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ sáyẹ́ǹsì tó bá wá ń fẹ́ Òfin ní SS3, ilé ìwé rẹ̀ kò fi í sí kíláàsì Lítíréṣọ̀ rí. Ọ̀nà àbáyọ ni WAEC àdáṣe, tí èkínní rẹ̀ máa ń wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kó fi ṣe ìjókòó ẹlẹ́ẹ̀kejì, torí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba kírẹ́dìtì márùn-ún láti ìjókòó méjì. Kí ẹ kọ́kọ́ wádìí o, torí àwọn kọ́ọ̀sì kan, pàápàá Ìmọ̀ Ìṣègùn níbì kan, ìjókòó kan ni wọ́n ń fẹ́. Ọmọ tó ṣì wà ní SS1 ní àǹfààní ju èyí lọ: WAEC gbà títí dé kókó ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án. Kó má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ sáyẹ́ǹsì. Jọ́gíráfì àti Ẹkọnọ́míìsì lórí Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì, Físíìsì á ṣí ilẹ̀kùn tó pọ̀ fún un. Ìkànnì IBASS ti JAMB ló ní gbogbo ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Ibẹ̀ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ẹnu àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ fún yín ní káfé.

Bí ìgbaniwọlé bá jáde lórí CAPS, ìkànnì ìgbaniwọlé ti JAMB, tí ẹ̀ka tí wọ́n fún yín kì í ṣe èyí tí ẹ béèrè, ẹ má yára tẹ accept, ẹ má sì yára kọ̀ ọ́. Ẹ gbé handbook rẹ̀ wò bí mo ṣe sọ lókè. Ẹni tó ń wá Kẹ́mísírì tí wọ́n fún ní Maikrobáyọ́lọ́jì ṣì lè ṣiṣẹ́ lórí omi Ọ̀ṣun dáadáa. Ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀ka tí kò kan ọ̀ràn rẹ̀ rárá, tó ń rò pé òun á yí i padà ní 200 level, kó mọ̀ pé ìyípadà ẹ̀ka ń béèrè CGPA tó ga, ó sì tún ń béèrè kókó UTME àti WAEC ti ẹ̀ka tuntun náà. Ọ̀pọ̀ ń ní CGPA, kókó UTME ni kò bá mu.

Èmi gbà pé iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, project, ni ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ti ní òmìnira jù lọ, òun ni wọ́n sì ń fi ṣòfò jù lọ. Yúnìtì mẹ́fà ni ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka. Ẹ wo bí ọmọ Kẹ́mísírì ṣe lè lò ó. Kó kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń bu omi Ọ̀ṣun sọ̀rọ̀: ibo gan-an ni wọ́n ti ń bu ún, kí ni wọ́n ń fi í ṣe, ìgbà wo ni wọ́n ń mu ún? Ìdáhùn wọn ni kó fi yan ojúkò márùn-ún tàbí mẹ́fà tó máa ti bu omi. Ohun tó kọ́ nínú elective ìmọ̀ àwùjọ ló ń lò níbẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, Kẹ́mísírì pọ́ńbélé ni. Ìgò ike ni kó lò, kó fi ásíìdì nítíríìkì tó fẹ́lẹ́ fọ̀ ọ́, kó fi omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba oru rẹ̀ padà di omi (distilled water) ṣàn án. Tó bá bu omi tán, kó kán ásíìdì nítíríìkì sí i títí pH rẹ̀ á fi lọ sísàlẹ̀ 2. Tí kò bá ṣe é, òjé inú omi á lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ̀rọ á ka iye tó kéré, a ó sì sọ pé omi tó lè pani dára. Ìgò tó máa fi wọn pH odò fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀, láì sí ásíìdì nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó fi èsì wé ìwọ̀n WHO, tó jẹ́ 0.01 mílígíráàmù òjé nínú lítà kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbà. Omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ti ìgbà òjò kò jọra: òjò ń gbá ẹrẹ̀ wọ odò, ó sì tún ń bomi là á. Ìwádìí tó péye gbọ́dọ̀ bu méjèèjì. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí àkòrí ní àárín 400 level, ìgbà kan ṣoṣo ló kù kó tó parí. Nítorí náà 300 level ni kó ti lọ bá olùkọ́ tó fẹ́ kó tọ́ ọ sọ́nà, kó tó lọ fún SIWES. Kó sì wá ibi SIWES tó ní ẹ̀rọ tó máa lò.

Àṣìṣe kejì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi project kan ṣoṣo dáhùn gbogbo ìbéèrè. Olùyẹ̀wò láti òde tó jẹ́ oníkẹ́mísírì kò ní fi máàkì sí orí kan nípa òfin ìwakùsà. Á béèrè bí ẹ ṣe ṣe blank, ìyẹn omi mímọ́ tí ẹ yẹ̀ wò láti fi ṣe àfiwé. Ọ̀nà ìwádìí ẹ̀ka yín ni kó jẹ́ ara iṣẹ́ náà, kí ìmọ̀ ìta wà ní orí ìbẹ̀rẹ̀, nínú yíyan ojúkò, àti nínú ìjíròrò èsì. Tí ẹ bá fẹ́ olùtọ́sọ́nà kejì láti ẹ̀ka mìíràn, HOD ló lè fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí olùtọ́sọ́nà àkọ́kọ́ bá yín béèrè. Tí ẹ bá dá lọ, ó lè dà bí ẹni pé ẹ ń fojú di í.

Ẹni tí àyè rẹ̀ kò gba gbogbo èyí, NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, ní ibùdó ní Òṣogbo, kò béèrè UTME, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sì lè ti ibẹ̀ kọ́ ẹ̀ka kejì. PGD, ìwé ẹ̀rí dípúlómà lẹ́yìn dìgírì, náà wà fún ẹni tó fẹ́ yà sí ẹ̀ka mìíràn lẹ́yìn dìgírì.

Ìmọ̀ràn mi kan ṣoṣo lórí orúkọ tuntun: yunifásítì lè gbé dìgírì tó dùn-ún gbọ́ létí jáde, tó dárúkọ ẹ̀ka mẹ́ta pọ̀. Ẹ wò ó lórí ìkànnì NUC bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí i. Dìgírì tí NUC kò mọ̀ á dá ọmọ yín dúró ní ẹnu ọ̀nà NYSC.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bá level adviser sọ̀rọ̀ nípa kọ́ọ̀sì ìta, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ojú ìwé kan tó: ìbéèrè tí ẹ ń lépa, ní gbólóhùn kan, àwọn kọ́ọ̀sì ìta márùn-ún tí ẹ fẹ́ mú, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, yúnìtì wọn àti sẹ̀mẹ́sítà tí wọ́n ń kọ́ wọn, tímù-tébù yín pẹ̀lú ibi tí wọ́n máa bọ́ sí, àti CGPA yín lónìí. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá yúnìtì náà máa wọ CGPA tàbí kò ní wọ̀ ọ́, torí èyí yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sẹ̀mẹ́sítà ni kí ẹ lọ, kí wọ́n tó ti ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì pa.